Igbá Tí A Kò Lè Ṣí

Ìyá ìyá mi, Àwẹ̀ró oníigbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
kì í fi ojú nìkan ra igbá.
Á gbé e lé orúnkún, á fi ìka kàn án,
kó, kó, kó,
á yí i, á tún kàn án,
á dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ fún.
"Igbá tó sán kì í pariwo," ló máa ń wí,
"ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó délé."

Ogójì ọdún ti gorí ọ̀rọ̀ yẹn.
Lónìí, nínú oyé, lóko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Ìlọrà,
èmi Ṣàngódìran ni mo di òòlù mú.
Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní orúkọ mi ló jẹ́ kí wọ́n gbé e fún mi.
Etí irin mẹ́rìnlélógún la gún mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ,
wáyà so wọ́n pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀,
ó parí sídìí kọ̀ǹpútà
tí Ọ̀mọ̀wé Oyèbọ̀dé fi agboòrùn ṣíji bò.

Mo gbé òòlù sókè, mo sọ ọ́ lu àwo irin:
gbì!
Aláǹgbá kan já bọ́ lórí ebè.
Ohùn náà wọlẹ̀,
ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú yangí,
ó dé amọ̀, ó nà án díẹ̀,
ó dé àpáta, ó wá ki eré mọ́lẹ̀,
ó sì padà wá sọ fún etí kọ̀ọ̀kan
bí ọ̀nà ṣe le sí.

Omi òjò ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́,
èyí tó ń ṣàn lọ lófo ní oṣù Agẹmọ.
Wọ́n fẹ́ kó wọ inú àpáta tó ti là nísàlẹ̀,
kó sùn síbẹ̀ di oṣù Èrèlé
nígbà tí kànga bá ń fi ìdí hàn wá.
Ilẹ̀ ni ìkòkò. Amọ̀ ni ìdérí.
Ṣé ìdérí náà dé e pa,
kí omi má rú jáde,
kí ìdọ̀tí ṣáláńgá má wọlé bá a?
Ìkòkò ọbẹ̀, a máa ń ṣí i wò.
Eléyìí, ẹni tó bá ṣí i ló bà á jẹ́.

Ní ìgbà kejìdínlógún, apá mi ti ń ké.
Ọ̀mọ̀wé ní, "Dúró."
Ní etí kẹrìnlá, ohùn pẹ́ kó tó délé.
"Lù ú sí i."
Mo lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó tún pẹ́.
Ẹnjiníà Fálékè wo aago ọwọ́ rẹ̀:
"Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ pa á rẹ́, ilẹ̀ ń ṣú."
Afẹ́fẹ́ wo ló ń jókòó sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà?

Bàbá Ògúnyóyè tó ni oko
dìde lábẹ́ igi kajú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà,
ó dúró gan-an lórí etí kẹrìnlá.
"Ibí ni bàbá mi gbẹ́ kànga sí
lọ́dún tí wọ́n bí àbúrò mi obìnrin.
Kò kan omi. Ó wó.
A fi koríko àti pàǹtí dí i, a gbin ẹ̀gẹ́ lé e."
Ọ̀mọ̀wé ní, "Bàbá, láti àárọ̀!"
"Ta ló bi mí?"

Ẹnjiníà kò sọ̀rọ̀ mọ́.
Nígbà tí wọ́n ń ká wáyà,
mo kúnlẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀,
kó, kó.
N kò gbọ́ nǹkan kan.
Etí mi kò tó ti Àwẹ̀ró.
Mo gbọn eruku kúrò lórúnkún, mo gbé òòlù lé èjìká.
Wọ́n ní lọ́la, apá ìlà-oòrùn ni.