Iná Pàdé Iná

Ìlú tí wọ́n ń pè ní Medicine Hat,
Fìlà Oníṣègùn lèmi àti ìyá mi ń pè é lórí fóònù,
a ó sì rẹ́rìn-ín títí káàdì yóò fi tán.
Níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
nínú yàrá onígíláàsì kan tí kò fẹ̀ ju ilé adìyẹ lọ,
mò ń na ìwé pélébé sí awakọ̀ lójú fèrèsé:
bó o ṣe tètè gbéra sí,
iye àáyá tó o fi sá ìdámẹ́rin máìlì.
Èmi kọ́ ni mò ń dájọ́.
Ẹ̀rọ ló ń dá a. Èmi kàn ń fún wọn níwèé.

Orville Pruett ti lé ní àádọ́rin ọdún.
Ọkọ̀ rẹ̀ pupa, ó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ.
Bó bá ta á jí, fèrèsé mi á máa gbọ̀n,
tíì inú ife mi á máa ká òrùka-òrùka,
kò sí pé à ń béèrè ta ló dé.
Èéfín táyà á bo gbogbo wa, funfun, kíkorò,
àwọn ọmọdé á fọwọ́ di etí,
wọ́n á tún sún mọ́ ọn.

Delphine Cardinal, nọ́ọ̀sì ni,
aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Mọ́tò rẹ̀ aláwọ̀ eérú kò ní ẹ́ńjìnnì kankan nínú.
Ó yọ ìjókòó ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e sẹ́bàá mi,
èérún bisikíìtì ń já bọ́ lára rẹ̀.
"Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."

Igi oníná tàn: pọ́n, pọ́n, pọ́n,
ó di àwọ̀ ewé.
Ti Orville ké.
Ti Delphine kò wí nǹkan kan,
ó kàn kúrò níbẹ̀
bí ẹni tó rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná.
Fìì.
Kí ariwo baba náà tó dé ìdajì ọ̀nà,
obìnrin yìí ti ń wá ibi tí yóò ti yà.

Àwọn èrò kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́.
"Fíríìjì ló nà án!" ẹnìkan pariwo.

Mo rántí bàbá mi, mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.
Á fi orí sukudiráìfà kan ẹ́ńjìnnì,
á fi ìdí rẹ̀ ti etí, á dijú.
"Pisítìn kẹta ló ń purọ́."
Kí ni ì bá gbọ́ lára eléyìí?
Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe.
Nílé wa, bẹntiróòlù ni bàbá iná:
a ó rọ ọ́ sínú jẹnẹrétọ̀ kí gílóòbù tó lajú.
Ọmọ ló wá na bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí,
lójú ayé, ní Fìlà Oníṣègùn.

Orville gba ìwé rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ká a sínú àpò àyà, níbi tí gíláàsì ojú rẹ̀ wà.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Delphine sá lálẹ́ ọjọ́ náà,
òtútù sì ti ń mú.
Nígbà tí pápá dá, bátìrì rẹ̀ kò lè gbé e délé,
ọ̀dọ̀ wa kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń fún mọ́tò ní iná.
Orville kò sọ̀rọ̀. Ó wọ́ jẹnẹrétọ̀ jáde
láti ẹ̀yìn tírélà rẹ̀,
ó rọ bẹntiróòlù sí i, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta,
ó na wáyà gígùn kọjá lórí koríko.
Àwọn méjèèjì jókòó sórí táyà àlòkù, wọn kò wo ara wọn,
wọ́n ń dúró de iná.

Mo ṣí fèrèsé.
Tú-tú-tú, tú, tú-tú.
Mo dijú.
Pílọ́ọ̀gì yẹn ń purọ́.
Mo gbé ìjókòó ọmọ náà sábíyá,
mo jáde lọ sọ fún un.