Aago Tí Apá Ń Bọ́

Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì sẹ́fà ni mo kà fún Rúfáì
lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn ọjà Wàǹdó.
Ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé àkàrà.
"Wò ó dáadáa," ó ní, "baba rẹ̀ ló jọ,
èyí tí wọ́n ń ṣe ní Súwísì, tí owó rẹ̀ lè kọ́lé."
Mo wò ó. Ojú dúdú, àmì roboto yí i ká,
òrùka aláwọ̀ aró tí ń yí lẹ́yọ lẹ́yọ,
kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ.
Orúkọ tó wà lára rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí.
Ọmọ tó bá jọ ẹni ẹlẹ́ni,
a kì í bi ìyá rẹ̀ léèrè lójú ọjà.

Iyanrìn ni mò ń kó nísàlẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́,
èmi àti Sèmásù, ọkọ̀ kan, garawa méjì,
àkàbà onígi tí a kì bọ inú omi.
Ọ̀kan a lọ sísàlẹ̀, ọ̀kan a dúró lókè.
Kí aago yìí tó dé, ẹnu la fi ń ka èémí:
ení, èjì, títí dé ọgọ́rin.
Bí ọmọge bá sì gba orí afárá kọjá pẹ̀lú agboòrùn,
ìṣirò a dàrú,
ẹni tó wà nísàlẹ̀ a gbé èébú bọ̀ wá sókè.

Rúfáì ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí: kò ní bátìrì.
Ìlàjì òṣùpá irin kan ló wà nínú.
Bí apá bá fì, a fì. Bí apá bá sinmi, ebi a pa á.

Mùsé Dòmíńgò, tó ń fi iyanrìn wa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
baba aago mi gan-an ló wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.
Ó rí tèmi, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ ti ọwọ́ mi,
bí ẹni ń wo ìbejì tí wọn kò jọ sùn rí.
"Tìrẹ ń ṣiṣẹ́?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́.
Ó gbọn tirẹ̀ díẹ̀, ó fi sétí.
Ó ti kú láti ọjọ́ Ẹtì.
"Mo ní àpótí kan tí ń bá mi fì í," ó ní,
"iná ni kò sí."

Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní,
tèmi náà dákẹ́.
Sìdíkátù ní, "Mo sọ fún ọ, ayédèrú ni."
Aago kò bàjẹ́. Èmi ni mo bàjẹ́.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí:
òjò òkè ti rọ̀, omi pọ́n bí tíì.
Sèmásù bọ́ sísàlẹ̀. Mo yí òrùka,
mo fi àmì rẹ̀ kọjú sí abẹ́rẹ́ pupa tín-ínrín.
Ó yí ẹ̀ẹ̀kan. Àkàbà kò mì.
Ó dé ìdajì ìyípo kejì.
Bó bá jẹ́ ẹnu ni mo fi ń kà, ǹ bá ti parọ́ fún ara mi,
ǹ bá ti ka ọgọ́ta lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìbẹ̀rù.
Abẹ́rẹ́ yẹn kò mọ ẹ̀rù, kò mọ Sèmásù.
Mo bẹ́.

Òkùnkùn ibẹ̀ dà bí inú ìkòkò aró.
Ọwọ́ mi ló ríran. Ó bá okùn garawa
tó lọ́ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tó tún lọ́ mọ́ kùkùté àkájà
tí àwọn apẹja ti gbàgbé.
Ọ̀bẹ. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì.
Ohun kan ṣoṣo tó tàn ni àwọn àmì ojú aago,
bí tanátaná méjìlá tó rì sómi.

A jókòó nínú ọkọ̀. Ó bì, omi àti ìbínú.
"Ó tó ìṣẹ́jú mélòó?" ló kọ́kọ́ bi mí.
Mo na ọwọ́ sí i kó wò ó fúnra rẹ̀.
Ìkùukùu díẹ̀ ti wọ abẹ́ gíláàsì,
èyí tí Rúfáì búra pé omi kò lè wọ̀ títí dé igba mítà.
Mítà mẹ́ta lọ̀sà wa.

Lálẹ́ mo bọ́ ọ sójú fèrèsé.
Sìdíkátù rò pé mo ti sùn, ó mú un,
ó fi sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ń fì í díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń rọ ọmọ,
kó má baà kú kílẹ̀ tó mọ́.
Ogójì wákàtí ló lè fi gbààwẹ̀.
N kò sọ fún un.