Ìṣẹ́jú Márùndínlógójì

Aago tí ìyá mi fi ń se ẹyin ni mo fi ń ká a mọ́.
Ó rí bí tòmátì, ó pupa, etí rẹ̀ kan ti kán.
Mo yí i dé márùndínlógójì, mo ní, "Ó yá,"
ó sì dorí kodò sórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Butte,
yìnyín ń já lójú fèrèsé bí òwú tí ẹnikẹ́ni ò ràn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Marlys Kovacich fi ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́.
Òun ló ń pe orúkọ àwọn tó wá jẹ́jọ́,
òun ló ń gba owó ìtanràn, tó ń lu òǹtẹ̀,
tó ń sọ fún ẹni tí kò rówó lọ́yà pé,
"Ẹ dákun, ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn ná."
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù,
ó ní, "Èmi náà á lọ kọ́ òfin."
Bàbá mi wo bàtà ara rẹ̀ títí.

Kíkà ò dà á láàmú.
Ẹni tó ti ka ìwé ìpẹ̀jọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi,
kí ni àyọkà lórí kòkòrò abẹ́ òkun fẹ́ fi ṣe é?
Abala ìrònú ni bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Ìbéèrè márùndínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlá ló gbà.

Onílé kan fi kún owó ilé, ìbéèrè wí bẹ́ẹ̀,
ayálégbé méjì kó jáde,
nítorí náà owó ilé ló lé wọn.
Níbo ni àlàyé yìí ti mẹ́hẹ?
Ìyá mi ju pẹ́ńsù sílẹ̀: "Kò mẹ́hẹ níbì kankan!
Mo mọ onílé náà. Ọdọọdún ló ń wá síwájú wa."
"Mọ́mì, kò sí onílé kankan. Wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni."
"Wọn ò hùmọ̀ rẹ̀."
Aago dún.

Bí ìwé àṣìṣe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Kì í kọ ìdáhùn síbẹ̀, ìdí tó fi kọsẹ̀ ni:
*Mo mú èyí tó jẹ́ òótọ́, mi ò mú èyí tí àyọkà gbè lẹ́yìn.*
*Mo kánjú.*
*Àánú ṣe mí.*
Lójú ewé kan, "Ebi" nìkan ló wà níbẹ̀.

"Àyàfi" ló le jù fún un.
Ó ń wí i bó ti ń fọ abọ́,
bó ti ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà:
"A ò ní jáde àyàfi tí yìnyín bá dá.
Yìnyín dá. Ṣé a óò jáde?"
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."
Ó rẹ́rìn-ín. "O kùnà.
Ìlẹ̀kùn ló ṣí, ta ló ní kí o gba ibẹ̀ kọjá?"

Oṣù kejì, mẹ́rìnlá. Oṣù kẹta, mẹ́rìnlá.
Ó sunkún nínú yàrá ìfọṣọ, ó tan ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n má baà gbọ́.
Kò sí aṣọ kankan nínú ẹ̀rọ náà.
Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, méjìdínlógún.
Bàbá mi ti ibi ìwakùsà dé, ó ka iye náà lára fìríìjì,
ó fọwọ́ kàn án, ìka rẹ̀ fi dúdú sílẹ̀.
A ò nù ún.

Missoula ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà.
Wọn ò jẹ́ kó mú tòmátì wa wọlé,
orí itan mi ló wà nínú ọkọ̀, mò ń yí i, ó ń dún,
mo tún ń yí i, bàbá mi fi fìlà bojú.

Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a lè bi í.
Ó so bẹ́líìtì mọ́ra. Ó ní,
"Onílé yẹn tún wà níbẹ̀."
"Kí lo ṣe fún un?"
"Mo dá a sílẹ̀," ìyá mi wí, ó ń wo ojú ọ̀nà.
"Lónìí, ẹ̀rí ò tó."