Àlàfo Kẹsàn-án

Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé,
a fi ìgò iyọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí fáànù má gbé e lọ.
Àlàfo kìíní títí dé ìkẹjọ, Láníyì ti fi bírò kọ wọ́n:
Ìbíyẹmí, ọmọbìnrin, ọdún mẹ́wàá ó dín oṣù méjì,
òpópónà kejì lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé.
Ìkẹsàn-án ló ṣófo bí eyín iwájú ọmọ ọdún méje:
nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi.

Ilé-ìwé yẹn dára. Èmi fúnra mi lọ wò ó.
Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́, ìyẹn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò.
Wọ́n ní máíkírósíkóòpù márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́,
ọmọ tó sì ti ń tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ láti kékeré,
níbo ni kí n tún mú un lọ
nígbà tí èyí tó kù ní Bódìjà ń bèèrè owó tí a lè fi ra ilẹ̀?

Láníyì ní kò sí ohun tó le níbẹ̀.
"Omi lásán ni. Ṣebí ó ń wẹ̀ lójoojúmọ́."
Ṣùgbọ́n Katikíìsì fún wa ní ìwé pélébé kan pé ká kọ́ ọ sórí,
ó sì dúró níwájú dígí, tówẹ̀lì lọ́rùn,
ó ń dá bèèrè, ó ń dá dáhùn:
"Ṣé o kọ Èṣù sílẹ̀?"
"Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀."
Ó yíjú sí mi: "Ìyàwó tí n kò gbé sílé rí,
báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́?"
A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Lẹ́yìn náà ilé pa rọ́rọ́,
nítorí àwa náà la fìyà jẹ Ìbíyẹmí lóṣù tó kọjá
pé ó purọ́ lórí máàkì ìṣirò.

Ìyá Láníyì pè láti Àpáta. Ṣé ìyẹn náà la ń rò láròjù?
Ọmọ kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí òun ti bu omi sí i lórí nínú bàsíà,
ìgbà tí mo lọ gba abẹ́rẹ́, tí òun sì pè é ní Mọ́níkà.
Ẹ̀gbọ́n mi Mùfútáù náà ti pe ìrun sí i létí ọ̀tún.
Ọmọ tí a ní kó dàgbà kó yàn fúnra rẹ̀,
ẹbí ti yàn fún un tán, àwa nìkan la kò gbọ́.
Ṣùgbọ́n omi inú bàsíà kì í ní nọ́ńbà.
Ìbíyẹmí ní òun kò kọ Mọ́níkà,
bí òun bá ti lè bọ́ ọ kọ́ bíi yúnífọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé-ìwé.

N kò tíì sọ èyí tó dí mi lọ́nà fún Láníyì.
Alẹ́ tí Ògùnpa kún, bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà bọ́.
Ó ní gbogbo ìgbà tí òun fi dì í mú ni òun ń gbàdúrà.
Láti ìgbà náà kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò sì bínú sẹ́ni tó ń lọ.
Bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó nínú, òde ló máa ń dúró sí, fìlà lọ́wọ́,
bí ẹni tó ń retí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.
Àìgbàgbọ́ mi, ogún ni. N kò rí i he nínú ìwé kankan.

Mo pè é ní àná. Mo ṣàlàyé fọ́ọ̀mù, omi, orúkọ.
Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì ti tán.
Ó ní, "Ilé-ìwé yẹn,
ṣé wọ́n ń kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́?"

N kò mọ̀. Mo ní n óò bèèrè.
Ọjọ́ Ẹtì ni wọn óò ti gbígbà fọ́ọ̀mù.
Ó ṣì wà lábẹ́ iyọ̀.