Ẹrù Inú Ọkọ̀

Gbádébọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù.
"Àǹtí, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á."
Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi l'Ókè-Fíà,
mo jókòó lẹ́yìnkùlé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
níbi tí ìkòkò aró mẹ́ta ti dojú dé
láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.

Ọkọ̀ náà lórúkọ.
Ọ̀gá ọkọ̀ lórúkọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà, alásè,
ọmọdékùnrin tó ń gun òpó ìgbòkun,
gbogbo wọn ló lórúkọ, títí kan ajá ọ̀gá ọkọ̀
tí ìgbì gbé jù sórí iyanrìn láàyè.
Lẹ́yìn náà: *eru, igba ó lé mọ́kàndínlógún.*

Gbádébọ̀ kò fi àmì sí i.
Mo wò ó títí.
Ṣé ẹrù ni, tí à ń dì?
Àbí ẹrú, tí à ń dè?
Mo pè é. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Àǹtí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún èèyàn àti fún epo."

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ yí padà lóru,
òkúta abẹ́ omi lu ìdí ọkọ̀ já,
àwọn atukọ̀ sọ ọkọ̀ kékeré sómi, wọ́n bọ́ sínú rẹ̀.
Ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ńkọ́?
Ìwé kò sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn.
Ó sọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró méjì, àti ìgò ọtí mẹ́rìnlélógún tó yè.

Ìtàn ilé tiwa kò ní òkun nínú.
Ó ní Ọdẹ́wálé, tó lọ yẹ ìgèrè wò nídàájí,
ó ní ojú ẹsẹ̀ àwọn ajínigbé lórí ẹrẹ̀,
ó ní Ẹfúntọ́lá ìyá rẹ̀, aláró,
tó ti ki aṣọ ọmọ náà bọ aró láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,
tó sì kọ̀, kò yọ ọ́. "Ẹ jẹ́ kó dé ná."
Ó di ọjọ́ keje. Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún.
Aṣọ kọjá ohun tí aláró ń pè ní dúdú,
ó já wẹ́wẹ́ nínú ìkòkò.

Wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja,
a wọmi lápá ibí, a yọ lápá ọ̀hún,
ìyá rẹ̀ a ti máa ké.
Ohun tí kò jẹ́ n sùn nìyẹn:
ẹni tó mọ odò wẹ̀, irin lọ́rùn ẹsẹ̀.

N kò mọ̀ bóyá ó wà nínú wọn.
Ọkọ̀ tó rì kì í ṣe ọ̀kan; ojú ewé kejì, òmíràn tún ni.
Bóyá tirẹ̀ gúnlẹ̀. Bóyá ó gbó, ó tọ́,
níbi tí wọ́n ti ń pe omi ní orúkọ mìíràn.
N kò mọ èyí tí ǹ bá gbàdúrà fún.

Lánàá mo dúró lórí afárá Gbódòfọ̀n.
Ọ̀kadà ń sáré kọjá lẹ́yìn mi. Omi pọ́n, òjò ti rọ̀ l'Ékìtì.
Odò tó bá gbàgbé orísun, wọ́n ní gbígbẹ ni yóò gbẹ.
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí odò ń bá níbi tó ń lọ:
yóò gba ẹ̀gbẹ́ Ẹdẹ, yóò gba ìsàlẹ̀ Ìwó,
yóò wọ ọ̀sà, ọ̀sà a wọ òkun,
òkun, ìkòkò aró tí ẹnì kan kò lè tọwọ́ bọ̀ kó yọ aṣọ.

Nígbà tí mo délé, mo mú bírò.
Mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà, àmì òkè.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n kà, mo kọ Ọdẹ́wálé.
Bí kì í bá ṣe ibẹ̀ ló wà, kó dárí jì mí.

Ó ku igba ó lé méjìdínlógún.