Ẹnu Géètì

Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu igbó ìjọba
lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀dà títì ti tán
tí iyanrìn ọ̀sà ń bá ènìyàn wọ bàtà.
Wọ́n fún mi ní kákí, àti fèrè tí kì í dún délẹ̀,
àti ìwé pélébé aláwọ̀ ewé:
àgbà, ẹgbẹ̀rún náírà; ọmọdé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Àlejò òkè òkun ní iye tirẹ̀.
Mo wo iwájú ìwé, mo wo ẹ̀yìn,
n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọmọ onílẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, oòrùn ò tíì mú,
Àlájà Kúbúrátù dé,
ẹni tó ń yan ẹja l'Ójú Aláró kí wọ́n tó bí mi,
èéfín ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni lé tìróò.
Ó ń ti Mọ́dínátù, ọmọ ọmọ rẹ̀, lórí àga onítáyà.
Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, màmá."
Ó wò mí títí ojú fi tì mí.
"Èló ni èèyàn ń san kó tó kí bàbá ẹ̀?"

Nítorí abẹ́ igi ọ̀mọ̀ ńlá tó wà nínú lọ́hùn-ún
ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí
kí ìjọba tó fi wáyà yí igbó ká,
nígbà tí igbó ṣì jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa,
tí a ń já ewé eéran, tí a ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò,
tí ẹnikẹ́ni ò fun fèrè mọ́ wa.
Wọ́n ti kan pátákó mọ́ igi náà láyà báyìí:
nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún, àti orúkọ òyìnbó kan
tó gùn ju ọkọ̀ elépo lọ. Ahọ́n mi ò gbé e.

Mo ṣílẹ̀kùn. N kò já nǹkan kan.
Àmọ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gùn ún lójoojúmọ́,
n kò kà á rí, àfi ọjọ́ náà.
Mo nawọ́ pé kí n gbé ọmọ náà.
Ó ní, "Ẹ má gbé mi o. Èmi kì í ṣe àpò gààrí."

Ìyá àgbà nìkan ló wọlé.
Èmi àti Mọ́dínátù wà lẹ́nu géètì,
à ń gbọ́ ẹyẹ tí a ò rí.
Ó bi mí, "Kí ló wà níbẹ̀?"
Mo ní, "Igi ni."
Ó ní, "Mo mọ̀ pé igi ni."

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí ọ́fíìsì.
Wọ́n ní àwọn ti rí i.
Àwa náà ń rí oṣù lókè,
ta ló ti ibẹ̀ fọn iná wálé?

Tìjání akànkọ̀ ò kọ lẹ́tà ní tirẹ̀.
Ó tú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń pẹja,
tí ìdí rẹ̀ ti lu, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀,
ó yọ pákó méjì tó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ó tẹ́ ẹ lé àtẹ̀gùn, ó kàn án níṣòó.
Igi ọ̀mọ̀ ni. Inú igbó yẹn náà ni wọ́n ti gé e
láyé ọjọ́un. Ó lọ sódò, ó darúgbó, ó padà wálé.

Ọ̀gá wá láti Ìkẹjà. "Ta ló fọwọ́ sí èyí?"
Mo ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Àti táyà."
Ó fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ló wo àtẹ̀gùn,
ó wo orúnkún ara rẹ̀,
ó bá orí pákó kọjá.

Nígbà tí Mọ́dínátù débẹ̀,
ó fọwọ́ pa èèpo igi fún ìgbà pípẹ́.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sábẹ́ pátákó: OMO.
Mo ní kó fàmì sí i, kí wọ́n má baà kà á sí ọmọ.
Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Kí oníkálukú kà á bó ṣe wù ú."

Òjò pa á rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.
Ṣọ́ọ̀kì mìíràn wà nínú àpò kákí mi,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrè.