Ewé Owó Oṣù

Fólíà ni wọ́n ń pè é ní Matosinhos,
ìwé tí orúkọ àwa òṣìṣẹ́ tò sí,
láti orí Abílio tó ń ru iyọ̀ títí dé Zulmira tó ń gé orí ẹja.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ewé ara igi.
Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni mo gbé débẹ̀:
bí wọ́n bá ti ní "fólíà ti dé,"
fòyà ni mo máa ń gbọ́,
àyà mi a já kí n tó rántí pé owó ni.

Ermelinda ló ń kọ ọ́, ní àjà kẹta,
níbi tí òórùn sadíìnì ti ń gun àtẹ̀gùn láìkan ilẹ̀kùn.
Bírò dúdú, rúlà onígi,
awò ojú tó fi òwú so mọ́ etí.
Ó mọ ẹni tó pẹ́ dé,
ó mọ ẹni tó ti jẹ owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú,
ó mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ èbúté kò sí lórí ewé náà rárá,
síbẹ̀ àpò ìwé tirẹ̀ kì í fẹ́lẹ́.
Kò sọ ọ́. Ó kàn máa ń fa ìlà sí ìdí àròpọ̀
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá,
Belmiro tó ń koná sí bọ́ílà
jókòó sórí àpótí láti tú okùn bàtà rẹ̀,
kò sì dìde mọ́.
Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.
Ọmọ ọ̀gá gòkè wá: "Yọ ọ́ kúrò. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kí o san."
"Ọjọ́ mẹ́jọ, wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá."
"Ta ló ń ka ìṣẹ́jú?"
"Ẹ̀yin ni. Nígbà tó pẹ́ dé lóṣù kẹfà,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ yọ.
Ó wà ní ojú ewé kejìlélógún."

Felismina aya rẹ̀ kò mọ ìwé kọ.
Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà,
ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀,
ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.
Owó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó ra búrẹ́dì.
Ó ṣà á sọ́tọ̀, ó so ó mọ́ etí ìborí.

Oṣù kejìlá, a tún tò síwájú fèrèsé.
Mo na ọrùn wo ìwé náà láti òdìkejì:
orúkọ mi rèé, wọ́n tún ṣì í kọ,
ìlà òkè rẹ̀ sì ṣófo.
Ọmọkùnrin tí wọ́n gbà sídìí bọ́ílà,
ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.
Ọmọ ọ̀gá bèèrè ìdí tí ààyè fi ń ṣòfò.
Ermelinda kò gbójú sókè.
"Ewé ló bọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ojú ibẹ̀ jinná."

Ó ka tèmi lé mi lọ́wọ́.
Ó pé. Mo ṣì tún un kà nílé.